Bàálù Tí A Fọwọ́ Ara Wa Ṣe: Ta Ló Bá Ọ Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

  

Fídíò kan wà tó máa ń yí ká lórí WhatsApp àwọn ẹbí wa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n bàbá yín kan ti fi ránṣẹ́ sí yín rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní abúlé kan fi ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, páànù àti irin tó ṣà jọ ṣe ohun kan tó jọ bàálù. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó ṣáná sí i, eruku gba gbogbo ilẹ̀, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e, gbogbo èrò ń pariwo. Ẹni tó fi fídíò náà ránṣẹ́ á kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ wo ọpọlọ! Ká ní ìlú òyìnbó ló wà ni, wọn ì bá ti sọ ọ́ di ènìyàn ńlá." Àwa náà á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ parí.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín lónìí. Ta ló bá ọmọ yẹn yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó jókòó sínú rẹ̀? Mi ò bi yín pé ta ló yìn ín o. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló yìn ín. Ta ló yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ní Houston tí à ń gbé yìí, àwọn ènìyàn wà tó ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an. Nínú gáréèjì ilé wọn ni. Onísirò owó wà nínú wọn, dókítà eyín wà níbẹ̀, awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì náà wà níbẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ ara wọn ṣe bàálù, wọ́n á sì gbé ìyàwó wọn sínú rẹ̀ lọ jẹun ní ìlú kejì. Àwọn náà kò gbọ́n ju ọmọ inú fídíò yẹn lọ. Ohun mìíràn ni wọ́n ní tí òun kò ní, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí òfin ṣe rí. Ní Amẹ́ríkà, òfin gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe bàálù tirẹ̀. FAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà ojú òfurufú, kò ní kó o jẹ́ ẹnjiníà. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é fún ẹ̀kọ́ tàbí fún ìgbádùn ara rẹ̀ wá. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè é ní òfin 51 nínú 100. O lè ra kíìtì, ìyẹn àwọn ẹ̀yà bàálù tí ilé iṣẹ́ ti gé sílẹ̀, ṣùgbọ́n o kò lè sanwó fún ẹlòmíràn kó bá ọ ṣe gbogbo rẹ̀ tán, kó o wá pè é ní tìrẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é? Àkọsílẹ̀ ni. Lójoojúmọ́ tó o bá fọwọ́ kan iṣẹ́, wàá kọ déètì, wàá kọ ohun tó o ṣe, wàá ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tó bá parí, olùyẹ̀wò á wá, á ka ìwé yẹn, á yẹ bàálù náà wò, á sì fún ọ ní ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn náà, o gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí sítòsí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, EXPERIMENTAL, ní lẹ́tà tí kò kéré sí íǹṣì 2 ní gíga. Nínú, níbi tí èrò lè rí i, wàá tún lẹ àkọlé mìíràn mọ́ ọn, tó ń kìlọ̀ fún wọn pé bàálù àtọwọ́ṣe nìyí, kò sí lábẹ́ òfin ààbò tí wọ́n fi ń ṣe àwọn bàálù tó kù. Ìwọ fúnra rẹ lo máa fọwọ́ ara rẹ lẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa. Olùyẹ̀wò ìjọba kì í wà níbẹ̀ nígbà tí o ń kan rivet inú ìyẹ́ bàálù. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí ló ń dé. Bí o bá ti pa ìyẹ́ náà dé, ohun tó wà nínú rẹ̀ di ohun tí ìwọ àti Ọlọ́run nìkan mọ̀. Níbi tí òfin bá a dé nìyẹn. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ àwọn ènìyàn ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀. Bàálù kíìtì tó gbajúmọ̀ jù ni àwọn tí wọ́n ń pè ní RV, láti ilé iṣẹ́ Van's Aircraft ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ọkùnrin tó dá a sílẹ̀ ni Richard VanGrunsven. Èyí tó ti fò nínú wọn ti lé ní 11,000. Páànù alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rivet ló sì so ó pọ̀. Iṣẹ́ tó ń gba ju wákàtí 1,000 lọ ni. Ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, àwọn mìíràn tó mẹ́wàá.

Rivet yìí ń gba ènìyàn méjì. Ẹnì kan á di ẹ̀rọ tó ń lù ú mú níta, ẹnì kejì á na ọwọ́ sínú, á fi irin tó wúwo ti ìdí rẹ̀. Bí ẹni tó wà nínú bá mi ọwọ́ díẹ̀, rivet náà á wọ́, ẹ ó tún lu ú yọ, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí i pé ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ ọdún méjìlá wà nínú ìtàn ọ̀pọ̀ bàálù wọ̀nyí. Àwọn bàbá wa kò purọ́: ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Lẹ́yìn ọwọ́ kejì, ojú kejì. Lọ́dún 1953, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Poberezny dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Milwaukee fún àwọn tó ń ṣe bàálù nílé. EAA ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ẹ̀ka káàkiri Amẹ́ríkà, ti Houston níbí ni ẹ̀ka Kejìlá. Ẹgbẹ́ náà ní àwọn àgbà kan tó ti ṣe bàálù rí, tàbí tí wọ́n jẹ́ mẹkáníìkì, tí wọ́n máa wá sí gáréèjì rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á tan iná tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wo inú ìyẹ́ kó o tó pa á dé. Wọ́n á ní: "Tú ìlà yìí palẹ̀, tún un kàn. Páìpù epo yìí ń ha irin lára, yí i kúrò." Kò sí ẹni tó sanwó fún wọn. Bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Àwọn àgbà yẹn ni wọ́n.

Kódà ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ nílò ojú kejì. Lọ́dún 2023, àwọn tó ń to RV nílé bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn páànù kan tí wọ́n fi iná laser lu ihò sí ń sán létí ihò. Àwọn oníbàárà yẹn ló rí i, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pariwo. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó kó gbèsè bá Van's títí tó fi wá ààbò ilé ẹjọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ènìyàn tó jókòó sí gáréèjì tirẹ̀, tó mọ bí etí ihò ṣe yẹ kó rí, ló kọ́kọ́ rí i.

Ó dáa. Bàálù ti parí, ìwé ti jáde. Ṣé ká máa fò? Rárá o. Àkókò àtúnṣe kéékèèké ló kàn.

Wàá gbé e sórí òṣùwọ̀n mẹ́ta, ọ̀kan lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, láti mọ ibi tí ìwúwo rẹ̀ dúró sí. Bí ìwúwo bá pọ̀ sẹ́yìn jù, bàálù náà lè gbé imú sókè, kó má gbọ́ràn mọ́. Wàá gbé imú rẹ̀ sókè lórí ilẹ̀ bí ìgbà tó ń gun òkè, wàá jẹ́ kí epo ṣàn jáde sínú kẹ́ẹ̀gì, wàá fi aago wo bó ṣe yá tó. Epo tó ń ṣàn gbọ́dọ̀ ju èyí tí ẹ́ńjìnnì máa mu nígbà tó bá ń gbéra lọ dáadáa.

Wàá tún wo ìdarí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, pátákó kékeré kan wà tó ń lọ sókè sódò, òun ni wọ́n ń pè ní aileron. Bí o bá ti igi ìdarí sí òsì, aileron òsì gbọ́dọ̀ gòkè, ti ọ̀tún gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn ti kú nítorí pé wọ́n so okùn rẹ̀ ní ìdàkejì lẹ́yìn àtúnṣe, tí ẹnikẹ́ni kò sì wo ìyẹ́ kí wọ́n tó gbéra. Àwọn awakọ̀ ní ọgbọ́n kan fún un. Di igi ìdarí mú, na àtàǹpàkò rẹ sókè. Ìhà tí o bá ti igi náà sí, ibẹ̀ ni àtàǹpàkò rẹ máa tẹ̀ sí, ìyẹ́ ìhà yẹn ni aileron rẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni, ẹ̀mí ló sì ń gbà là.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò lójú òfurufú. FAA á fún ọ ní àgbègbè kan tí èrò kò pọ̀ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wákàtí 25 tàbí 40 ni wọ́n máa ń ní kó o fò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí irú ẹ́ńjìnnì tó o lò. Ní àsìkò yẹn, o kò gbọ́dọ̀ gbé èrò. Ìyàwó tó bá ọ di rivet mú fún ọdún mẹ́rin á dúró sílẹ̀, á máa wò ọ́. Níbẹ̀ ni wàá ti mọ̀ pé ìyẹ́ kan wúwo ju ìkejì lọ. Lára RV, o lè rọra fún etí ẹ̀yìn aileron pọ̀ díẹ̀, kó o tún gbé e fò, kó o tún wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ní Èkó tàbí Ìbàdàn rí, kí ni èyí rán yín létí? Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni! Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kì í da ọkọ̀ padà fún oníbàárà láìjẹ́ pé ọ̀gá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Á lo ọdún rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣe fìríìdọ̀mù fún un, wọ́n á gbàdúrà, á wá dá dúró. Wákàtí 40 yẹn, fìríìdọ̀mù bàálù ni. Ohun tí àwọn òyìnbó yìí ń ṣe kì í ṣe àjèjì sí wa rárá.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ìtọ́jú, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹni tó ṣe bàálù lè gba ìwé àṣẹ tó fún un lágbára láti máa fúnra rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún bàálù yẹn. Ọdún kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ tú u wò, kó sì buwọ́ lù ú pé ó ṣì dáa láti fò. Ní Houston níbí, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Atẹ́gùn ọ̀rinrin ń ti òkun Gulf wá, ìpẹtà sì fẹ́ràn ibi tí irin bá ti pàdé alumíníọ̀mù. Omi ń kóra jọ sínú táǹkì epo, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fa díẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ife, tí wọ́n á gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n tó fò. Agbọ́n kan sì wà tó ń fi amọ̀ kọ́lé. Kò sí ibi tó wù ú bí ihò kékeré tí bàálù fi ń mọ bó ṣe ń sáré tó. Bí o bá gbàgbé láti fi ìbòrí bò ó, wàá gbéra, aago ìsáré rẹ á sì máa purọ́ fún ọ.

Bí o bá wá tà á ńkọ́? Ìwé àṣẹ àyẹ̀wò tìrẹ kò bá bàálù náà lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó rà á ní láti wá mẹkáníìkì tó ní ìwé ẹ̀rí láti máa bá a ṣe ti ọdọọdún. Ẹni náà kò sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ nígbà tí o ń ṣe é. NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ìrìnnà, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2012. Àwọn bàálù àtọwọ́ṣe jẹ́ nǹkan bí 10 nínú 100 àwọn bàálù kéékèèké tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ akérò, ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, àwọn ló ní nǹkan bí 15 nínú 100 jàǹbá, àti 21 nínú 100 èyí tó gba ẹ̀mí. Ju ìdajì àwọn tó ní jàǹbá yẹn lọ ló jẹ́ pé ẹni tó ni ín rà á ni, òun kọ́ ló ṣe é. Mẹ́rìnlá nínú jàǹbá 224 ọdún yẹn ṣẹlẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí ẹni tó rà á máa gbé e fò.

Àwọn òbí yín mọ John Denver, olórin Amẹ́ríkà yẹn. Òun náà ra bàálù àtọwọ́ṣe kan, Long-EZ, tí Burt Rutan ya àwòrán rẹ̀. Nínú àwòrán Rutan, ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí epo láti táǹkì kan sí ìkejì wà níwájú awakọ̀, láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣe ti Denver gbé e sẹ́yìn èjìká òsì awakọ̀, torí kò fẹ́ kí páìpù epo gba inú ibi ìjókòó kọjá. Ìdí tó dára ni. Ṣùgbọ́n láti yí i, o gbọ́dọ̀ yí ara rẹ padà. Kí Denver tó gbéra, òun àti mẹkáníìkì kan gbìyànjú láti fi púláyà fa ọwọ́ yẹn gùn, kò ṣeé ṣe. Mẹkáníìkì náà fún un ní dígí kékeré kó lè máa fi wo ẹ̀yìn. Wọ́n bi í bóyá kí àwọn fi epo kún un, ó ní kò ní pẹ́ lókè. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, ọdún 1997, ó já sínú òkun ní Monterey Bay, California. Àwọn tó wádìí rẹ̀ ní ó jọ pé bó ṣe ń yíra padà láti yí epo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ìdarí láìmọ̀. Wọ́n sì dárúkọ ibi tí wọ́n gbé ọwọ́ yẹn sí, tí kò ní àmì kankan lára, mọ́ ohun tó fà á.

Awakọ̀ tó ti fò ju wákàtí 2,000 lọ ni Denver. Ojú rẹ̀ rí i pé nǹkan yẹn kò dáa. Ẹlòmíràn náà rí i. Kò sí ẹni tó ní: "Má gbé e fò lónìí." Ìyẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó bá ọ wò ó àti ẹni tó bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó wá yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìjọba Nàìjíríà ti to RV rí? Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ AIEP ti Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú ní Kaduna mú RV-6A, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ ní Air Beetle, wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ ogun ní bí wọ́n ṣe ń fò. Irú bàálù kan náà tó wà nínú gáréèjì àwọn ará Texas. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọwọ́ wa kò lè ṣe é, ẹ sọ fún un pé ó ti ṣe é rí.

Ẹ rántí Mubarak Muhammad Abdullahi. Lọ́dún 2007, ọmọ ọdún 24 ni, ó ń ka físíìsì ní yunifásítì Bayero ní Kano. Ó fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic àti àwọn àlòkù irin ṣe hẹlikọ́pítà. Ó gbéra nílẹ̀ lóòótọ́, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 7. Gbogbo ayé kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn.

Ẹ wá wo Patricia Mawuli ní Ghana. Ó lọ sí pápá bàálù kan ní Kpong, ó ní òun ń wá iṣẹ́. Igbó ṣíṣán ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Láti ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to bàálù kíìtì, ó kọ́ ẹ́ńjìnnì Rotax dé ibi tó fi gba ìwé ẹ̀rí, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò ó, ó sì wá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn. Ẹ̀bùn tí Mubarak ní, Patricia náà ní in. Ṣùgbọ́n Patricia tún ní ọ̀gá lórí, ó ní ìwé àkọsílẹ̀, ó ní ẹni tó lè sọ fún un pé "tú u palẹ̀, tún un ṣe." Ohun tí ọmọ inú fídíò yẹn kò ní nìyẹn, tí a sì ń fi àtẹ́wọ́ dípò rẹ̀.

Kí ni mo ń sọ fún ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí? Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá wù yín, ẹ má tijú. Mo mọ̀ pé bàbá yín lè ní: "Ṣé ìwé tí mo rán ọ lọ kà nìyí?" Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Ẹgbẹ́ EAA kan náà ní ètò kan tó ń jẹ́ Young Eagles, láti ọdún 1992, tí wọ́n fi ń gbé ọmọ ọdún 8 sí 17 fò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú àbúrò yín lọ. Ẹ lọ jókòó sí ìpàdé wọn. Ẹ bá ẹnì kan di rivet mú lọ́jọ́ Sátidé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ máa dúdú níbẹ̀. Ẹ kí wọn, ẹ gbé irinṣẹ́.

Nígbà tí fídíò yẹn bá tún dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ẹ yin ọmọ náà, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá yín pé, "Bàbá, ta ló mọ̀ ọ́n? Ta la lè rán sí i?" Mẹkáníìkì bàálù tó jẹ́ ọmọ Yorùbá wà ní Houston yìí. Ẹnjiníà wà. Wákàtí kan lórí fóònù pẹ̀lú ẹni tó mọ ibi tí igi máa wó sí wúlò fún ọmọ yẹn ju ẹgbàárùn-ún àtẹ́wọ́ lọ. Ó lè jẹ́ pé ohun tí àgbà yẹn máa sọ fún un ni pé, "Ọmọ mi, má jókòó sínú èyí. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ òmíràn." Bó bá gbọ́ ìyẹn, á wà láàyè láti ṣe ìkejì.